Èépá tí ẹ ń fọ̀ dànù ni ẹ̀rí wà nínú rẹ̀: ajá tí oògùn èkúru kò ràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà ẹran. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo ní akọ ajá kan, àdàlù German Shepherd àti ajá ilé wa, ọmọ ọdún 5, kìlógíráàmù 30. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí èépá ti ń yọ lórí imú rẹ̀ títí dé góńgó imú. Ó gba etí méjèèjì, ó yí ojú ká, ó ti wá dé àtẹ́lẹsẹ̀ báyìí, ó ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Kò fi bẹ́ẹ̀ yún un. Wọ́n gún un ní ivermectin lẹ́ẹ̀mẹrin, a fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa á lára, a fi ọṣẹ dúdú àti imí-ọjọ́ wẹ̀ ẹ́, pàbó ló já sí. Amoxicillin ọjọ́ márùn-ún kò ṣe nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ dexamethasone nìkan ló mú un gbẹ díẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún padà. Kò sí ẹni tí ara ń yún nínú ilé. Ṣé kí n wá ivermectin tó le ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má wá ivermectin kankan mọ́. Àlàyé yín kò jọ ti èkúru. Ó jọ ti àìsàn awọ kan tí kì í wọ́pọ̀, tí àwa dókítà ẹran ń pè ní pemphigus foliaceus. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó láti fi sọ orúkọ yẹn mọ́ ajá, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ṣùgbọ́n a lè sọ ohun tó mú wa fura, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí ìtọ́jú rẹ̀ ṣe máa ń rí fún ajá tó wúwo tó tiyín.

Kí ẹ tó ka ìyókù, láti òní lọ, ẹ má wẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ má sì ṣí èépá kankan kúrò lára rẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i. Inú èépá yẹn ni ẹ̀rí wà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi kànìnkànìn ha á, ẹ̀rí lẹ ń dà sí gọ́tà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, májèlé ni. Ajá á lá a, á bá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ jà, awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀ á sì tún jóná. Kẹrosíìnì àti Izal kò yàtọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ẹ sọ fínnífínní. Èkúru tí kòkòrò Sarcoptes ń fà kì í jẹ́ kí ajá sùn. Ó fẹ́ràn etí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìgúnpá àti ikùn pẹ̀lú, kì í sì í pẹ́ tí àwọn ará ilé náà á fi máa họra. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Irú èkúru kejì, tí Demodex ń fà, kì í fi bẹ́ẹ̀ yún ajá, ó sì lè mú ojú àti ẹsẹ̀, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu lásán yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ihò irun ni ilé Demodex. Góńgó imú kò nírun, àtẹ́lẹsẹ̀ kò nírun. Àìsàn tó bá mú ibi tó nírun àti ibi tí kò nírun pa pọ̀, tó sì mú apá ọ̀tún bó ṣe mú apá òsì, inú ara ajá fúnra rẹ̀ ló sábà ti ń wá.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ wo ọgbà tí wọ́n fi okùn di igi rẹ̀ mọ́ra. Igi ni sẹ́ẹ̀lì awọ. Okùn ni àwọn pròtéènì tó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì. Nínú àìsàn yìí, àwọn ṣọ́jà ara ajá ṣi okùn náà mú ní ọ̀tá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Lára ajá, pròtéènì tí wọ́n ń dojú kọ jù ni desmocollin-1. Okùn já, igi tú: sẹ́ẹ̀lì á bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọyún á kó sábẹ́ ìpele tó wà lókè téńté awọ, ìléròrò á yọ. Ohun tó bo ìléròrò yẹn fẹ́lẹ́ bí èèpo inú àlùbọ́sà, nítorí náà kì í pẹ́ bẹ́. Láàrin wákàtí díẹ̀ ó ti gbẹ, ó ti di èépá aláwọ̀ oyin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olówó ajá fi ń rí èépá ní gbogbo ọjọ́ láìrí ìléròrò kan ṣoṣo rí.

Kì í ràn, kì í ran ajá mìíràn, kì í ran ọmọdé tó bá gbá a mọ́ra. Ní àwọn ìgbèríko kan ní Brazil, irú rẹ̀ kan wà tó ń mú ènìyàn, fogo selvagem ni wọ́n ń pè é, ìyẹn iná igbó, nítorí bí awọ ṣe máa ń ta wọ́n bí iná. Ti ènìyàn nìyẹn o, kò ti ara ajá wá.

Ti dexamethasone tí ẹ mẹ́nu bà ń kọ́? Dexamethasone, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, kì í pa kòkòrò, ṣọ́jà ara ló ń mú jókòó. Pé ara gbẹ lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ nǹkan fún wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, torí kò sí ohun tó wú tó pọ́n tí sítẹ́rọ́ìdì kì í rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó sì ń pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n gún un gbẹ̀yìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dára kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gé awọ fún àyẹ̀wò, àyàfi bí ìléròrò tuntun bá ti tún ń yọ fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ̀rọ ńlá kọ́ ló ń ṣe é

Wọ́n á kọ́kọ́ ha awọ, kí ọ̀rọ̀ èkúru lè tán nílẹ̀. Wọ́n á kán ọ́ìlì díẹ̀ sójú báléèdì tí kò mú mọ́, wọ́n á fún awọ láàrin ìka méjì, wọ́n á ha á ní ibi márùn-ún ó kéré tán, títí ẹ̀jẹ̀ á fi sun bíńtín. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sun, wọn kò tíì ha á dé ibi tí Demodex ń gbé, “a ò rí nǹkan kan” tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù kò náni ju abẹ́rẹ́ kan àti gíláàsì pẹlẹbẹ kan lọ, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ẹ yí etí ajá náà padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí apá inú rẹ̀ níbi tí irun kò pọ̀ sí. Ẹ yí i dùbúlẹ̀, ẹ wo ikùn rẹ̀ náà. Ohun tí ẹ ń wá lè má ju orí ìṣáná lọ, ó lè tóbi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀: ìléròrò funfun tàbí aláwọ̀ ọyún, tí awọ orí rẹ̀ ń dán. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ajá lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá di ọ̀la, ó ti bẹ́.

Dókítà kò gbọ́dọ̀ fi sípírítì nù ún. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, oní-gauge 25, ni wọ́n á fi ṣí i lórí, wọ́n á fi gíláàsì kàn án jẹ́jẹ́ láì fi fà á, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ lójú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú àró Giemsa tàbí Diff-Quik. Bí kò bá sí ìléròrò rárá, wọ́n á ṣí etí èépá tuntun tó ṣì rọ̀, wọ́n á fi gíláàsì kan ibi tó tutù lábẹ́ rẹ̀. Èépá tó ti gbẹ kangbe kò wúlò fún èyí.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, bó bá jẹ́ àìsàn tí a fura sí ni, wọ́n á rí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọyún, neutrophil, tí ara wọn ṣì dá. Láàrin wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tí okùn wọn ti já máa wà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ní ìdì: wọ́n rí róbótó, wọ́n dúdú bí aró, wọ́n tóbi ju neutrophil lọ ní ìlọ́po mélòó kan, kókó inú wọn sì jókòó sáàrin bíi pupa ẹyin tí wọ́n dín tí kò fọ́. Bí wọ́n bá pọ̀, tí kò sì sí bakitéríà nínú àwọn neutrophil náà, ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là.

“Fẹ́rẹ̀ẹ́” la wí. Nǹkan méjì lè fi irú sẹ́ẹ̀lì róbótó yìí tan dókítà jẹ. Èkíní ni bakitéríà awọ tó bá le gan-an, Staphylococcus pseudintermedius pàápàá. Amoxicillin tí ẹ lò kò lè yanjú ìyẹn: ọ̀pọ̀ Staphylococcus ló ní èròjà tó ń já amoxicillin sí wẹ́wẹ́, ọjọ́ márùn-ún sì kéré jù fún awọ. Bí wọ́n bá rí bakitéríà, cephalexin ló yẹ, mìlígíráàmù 22 sí 30 fún kìlógíráàmù kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ajá yín yóò máa gba mìlígíráàmù 750 láàárọ̀ àti 750 lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Bí gbogbo èépá bá lọ, ẹ dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí bakitéríà bá lọ tí èépá kò lọ, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹlẹ́tàn kejì ló burú jù: lápálápá. Irú kan nínú rẹ̀ wà, Trichophyton, tí òun náà ń já okùn sẹ́ẹ̀lì, tó sì máa ń mú ojú ajá. Bí wọ́n bá ṣì í mú ní pemphigus tí wọ́n fún ajá ní sítẹ́rọ́ìdì, ńṣe ni wọ́n dá epo sínú iná. Á ràn ká gbogbo ara, á sì ran ọmọ yín. Iná Wood, ìyẹn iná tí wọ́n ń tàn sí awọ láti wá lápálápá, kò lè gbà yín níbí. Irú lápálápá kan ṣoṣo, Microsporum canis, ló sábà ń tàn lábẹ́ rẹ̀, òun náà kì í sì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ńṣe ni wọ́n á fa irun tu pẹ̀lú èépá láti etí ibi tó ti bó, wọ́n á gbìn ín ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á sì dúró ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó hù tàbí kó má hù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìpele yìí dá nítorí pé ó pẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni gígé awọ. Ìlọrin ló sún mọ́ yín jù. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran wà ní yunifásítì ibẹ̀, ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Bí ẹnì kan tó wà nítòsí bá máa gé e tí yóò sì fi ránṣẹ́, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí hàn án, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fá irun, kò gbọ́dọ̀ fi oògùn fọ ojú ibẹ̀. Bó bá fọ èépá dànù kó tó gé e, awọ lásán ló gé. Lídókéènì, oògùn tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, abẹ́ awọ ni kó gún un sí, bó bá gún un sínú awọ gan-an ó ti ba àwòrán jẹ́. Ibi mẹ́ta sí márùn-ún ni kó gé, ní fífẹ̀ mìlímítà 6 tàbí 8, kí ìléròrò odidi tàbí èépá tuntun wà nínú wọn. Bí ìléròrò bá wà, abẹ ló dára jù fún un, torí abẹ róbótó tí wọ́n ń yí lè ká orí rẹ̀ kúrò. Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú fọ́málììnì ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Èépá tó bá já bọ́ lórí tábìlì, ẹ he é, ẹ jù ú sínú ìgò kan náà, kí dókítà sì kọ ọ́ sára ìwé pé kí wọ́n gé èépá wò pẹ̀lú. Ìgbà mìíràn wà tí inú èépá yẹn nìkan ni sẹ́ẹ̀lì róbótó kù sí.

Àyẹ̀wò awọ yìí kan náà ló máa fi àwọn àìsàn ṣọ̀wọ́n mìíràn hàn. Lupus tó ń mú imú ajá máa ń mú kí góńgó imú dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ kí dúdú rẹ̀ sì máa ṣí, ṣùgbọ́n kì í sábà kúrò níbẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Àìtó zinc máa ń mú ọmọ ajá tó jẹ́ pé ẹ̀kọ àti èèrí àgbàdo lásán ló ń jẹ, torí phytate inú ọkà ń di zinc mú; mìlígíráàmù 10 zinc sulphate fún kìlógíráàmù kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó sunwọ̀n, ni oògùn rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀ kan sì wà tó ń la àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ajá tó ti dàgbà, sítẹ́rọ́ìdì kì í bá òun rẹ́ rárá.

Ìtọ́jú

Ká sọ pé ìwé dé, ó ní pemphigus ni. Ṣọ́jà ara la fẹ́ mú jókòó, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé ohun tí àwọn ṣọ́jà náà ń dá dúró. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún Babesia àti Ehrlichia, àwọn àrùn tí eégbọn ń kó ran ajá ní ilẹ̀ wa, kí wọ́n wo ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ṣúgà àti ìtọ̀. Ẹ fún un ní oògùn aràn: fenbendazole, mìlígíráàmù 50 fún kìlógíráàmù kan, ìyẹn 1,500 fún ajá yín, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ bá ti tó, ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì gún un ní àjẹsára tó ní kòkòrò ààyè nínú nígbà tí oògùn bá wà lára rẹ̀.

Prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gbé mì, ni olórí oògùn, mìlígíráàmù 2 fún kìlógíráàmù kan lójúmọ́. Mìlígíráàmù 60 nìyẹn fún ajá yín. Hóró oní-mìlígíráàmù 5 ló wọ́pọ̀ ní kẹ́mísìtì, ó já sí hóró 12: mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́fà nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Iye yẹn ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ olówó ajá, wọ́n á dín in sí mẹ́ta, àìsàn kò ní lọ, wọ́n á ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kó tó ni kó jẹ́. Ohun tí ẹ ń wò fún ni pé kò sí ìléròrò tuntun mọ́, èépá àtijọ́ ń re, irun ń hù. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kí èyí tó hàn dáadáa.

Ìgbà yẹn lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì: 60 di 45, 45 di 35, 35 di 25, 25 di 20. Ẹ ó tún sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, láàárọ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ kan jẹ́ ọjọ́ kan má jẹ́. Bí èépá bá tún yọ, ẹ padà sí iye tó ṣe é kẹ́yìn, ẹ má sáré. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti dán. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lókè kíndìnrín, tó ń ṣe irú èròjà yìí fún ara, ti sùn lọ. Bí ẹ bá yọ oògùn lójijì, ajá lè dákú, ó sì lè kú.

Ajá yóò mu omi bí ẹni fẹ́ mu odò gbẹ, yóò máa tọ̀ káàkiri, yóò máa jí oúnjẹ. Omi, ẹ má dù ú. Oúnjẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, torí bí ẹ bá fún un bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó, ní oṣù méjì yóò sanra débi tí kò ní lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ má fi oògùn ìrora kankan kún un. Alábùkún, aspirin ni; Felvin àti ibuprofen àti diclofenac, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn níbí. Tí wọ́n bá pàdé prednisolone nínú ikùn ajá, wọ́n lè lu ikùn náà jáde. Bó bá bi ohun tó jọ ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, tàbí tí prednisolone kò ṣeé dín kù láìjẹ́ pé èépá padà, wọ́n á fi azathioprine, oògùn mìíràn tó ń mú ṣọ́jà ara jókòó, tì í lẹ́yìn. Hóró oní-mìlígíráàmù 50 kan lójúmọ́ máa ń tó ajá tó wúwo báyìí. Kì í tètè ṣiṣẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ já prednisolone sílẹ̀. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn eegun jẹ́, kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí aláboyún fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ní ológbò tàbí tí ẹ mọ ẹni tó ní, azathioprine kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ológbò láé, mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ kò gbà á. Chlorambucil ni wọ́n ń lò fún òun.

Oòrùn ń mú àìsàn yìí le sí i, ẹ so ajá sábẹ́ ibòji láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ti gba gbogbo ẹ̀rí tán, ìgbà yẹn lẹ wá lè wẹ̀ ẹ́: ṣáńpù oní-chlorhexidine, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Ẹ rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí èépá àtẹ́lẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ rọ̀ kó sì re, ẹ má fi ọwọ́ ya á.

Àwọn ajá kan wà tó ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn pátápátá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìwọ̀nba kékeré ni wọ́n á máa lò títí ayé wọn. Kí ẹ tó tọrùn bọ̀ ọ́, ẹ ṣírò owó prednisolone àti ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún odidi ọdún kan, nítorí oògùn tí ẹ bá dá dúró láàrin ọ̀nà léwu ju èyí tí ẹ kò bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìwé kan ni kí ẹ mú dání lọ sí Ìlọrin: ọjọ́ tí èépá kọ́kọ́ yọ, gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún un pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ohun tó ń jẹ, oògùn eégbọn tí ẹ lò ní oṣù tó ṣáájú àìsàn náà. Oògùn kan wà nínú irú ìyẹn, tí wọ́n fi amitraz àti metaflumizone ṣe, tí wọ́n kó kúrò lọ́jà nítorí pé ó ń dá irú àìsàn yìí sílẹ̀ lára àwọn ajá kan, nítorí náà orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí páálí náà bá ṣì wà, ẹ mú un dání.